Ọkọ̀ Bàbá Yín Kò Sùn Sí Etí Títì Mọ́

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le bí mo ṣe ń fẹ́ kó le? Tèmi náà le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń ráhùn. Ẹnu mi ṣì mú.

O ti gbọ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ ri pátákó mọ́ etí títì wa, pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀ mọ́. Èyí tó bá sùn, wọn á wọ́ ọ lọ. Mo ní títì oko, tí ewúrẹ́ ń sùn sí láàárín, ta ni ọkọ̀ dí lọ́nà? Ibi tí bàbá yín gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí kó tó wọlé lọ dùbúlẹ̀ tí kò dìde mọ́, ibẹ̀ ni yóò wà.

Mo rò ó pé kò sí ẹni tó máa láyà láti wọ́ ọkọ̀ tí arúgbó wà nínú rẹ̀. Ni mo bá kó ìrọ̀rí àti aṣọ ìbora, mo lọ sùn sórí ìjókòó bàbá yín. Kápẹńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ títì ní, "Ìyá, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń bá pátákó jà." Mo ní kó lọ gbá ìṣó rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, iná kún ojú mi. Ọkọ̀ ńlá kan ló dúró níwájú mi. Apá ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí kí iná mànàmáná lè jáde ni wọ́n gbé sí i, apá kan ṣoṣo, funfun bí ẹyin. Orí rẹ̀ ti dé ẹnu ilé wa, ìdí rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kápẹńtà.

Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Màmá, òru nìkan la lè gbé e kọjá, títì yìí ò sì lè gba àwa àti ọkọ̀ yín." Mo ní ẹnikẹ́ni kò ní fi irin wọ́ ọkọ̀ ọkọ mi. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ẹ̀yin ẹ di sitíárìn mú, àwa á máa tì í."

Mo dì í mú. Ibi tí ọwọ́ bàbá yín ti jẹ awọ rẹ̀ ni ọwọ́ mi bọ́ sí. Èmi tí bàbá yín kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án rí, mo yí i wọ inú ọgbà wa, n kò gbá ògiri.

Ìgbà náà ni ohun ńlá yẹn gbéra. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó ń kọjá, ó ń kọjá, kò tán, ibi tí ọkọ̀ bàbá yín wà tẹ́lẹ̀ gan-an ló sì gbà. O mọ̀ mí, n kì í gbà fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo gbà fún èyí. Bàbá yín ì bá ṣí fìlà fún un.

Inú ọgbà ni ọkọ̀ náà wà báyìí, ibi tí ọwọ́ èmi gbé e sí. Kí ẹnikẹ́ni má sún un kúrò níbẹ̀ o.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọ̀nà gbà ọ́, bó ti wù kí ẹrù rẹ gùn tó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tó ti di awakọ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń sọ pé kí n gbé ọkọ̀ náà wọlé. Má sọ fún un pé mo ti gbé e. Jẹ́ kó wá bá a níbẹ̀.