Ẹkùn Tó Yọ Lẹ́yìn Ọba

Ibùdó Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọba,
Igbó Ọdẹ Mulan.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Sirin,

Mo kí yín, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbàdúrà pé ara yín le ní Zhangjiakou bí òtútù ṣe ń wọlé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà síwájú. Ọkọ yín wà láàyè, wọn ò sì fara pa. Ìyókù ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí àwọn aláhesọ tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa. Láti ayé bàbá bàbá wa ni ìdílé wa ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin. Bí Kábíyèsí bá sì wá ṣọdẹ, àwa la máa ń fi ọ̀kọ̀ ká ẹkùn mọ́ kí wọ́n lè ta á lọ́fà. Ẹ̀ṣọ́ ò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ọba. Ọ̀kọ̀ ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ṣáájú ọfà ọba.

Ẹ̀gbọ́n Tulbo, ọkọ yín, ni ọ̀gá wa lọ́jọ́ náà. Àwọn ni wọ́n lọ yẹ koríko ibi tí Kábíyèsí máa dúró sí wò, wọ́n padà wá, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi àti Uksun ọ̀rẹ́ mi dúró lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Kábíyèsí sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin, wọ́n fa ọrun. Ẹkùn wà níwájú, gbogbo ojú sì wà lára rẹ̀.

Uksun rọra sọ fún mi pé, "Nayan, koríko ẹ̀yìn wa ń mì, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn ò sí."

Mo wẹ̀yìn. Ẹkùn kejì ti lúgọ síbẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn Kábíyèsí ló ń wò. N ò rántí òfin kankan mọ́. Bó ṣe fò ni mo kọ ẹ̀yìn sí ọba, mo sì fi ọ̀kọ̀ gún un láyà. Ó wó lù mí. Orí mi ló ṣì wà nígbà tí Uksun gún un pa. Ọfà Kábíyèsí ṣìnà, ẹkùn iwájú sì sá lọ.

Mo kúnlẹ̀, mo forí kanlẹ̀, mo ń retí idà. Kábíyèsí ò wò mí. Wọ́n rìn yí òkú ẹkùn náà ká, wọ́n wá béèrè jẹ́ẹ́ pé, "Ta ló yẹ koríko yìí wò?"

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni wọ́n kọjú sí. Bí mo bá purọ́, gbogbo wa la máa kú. Bí mo bá sọ òótọ́, ọkọ yín ni mo pa. Kí n tó la ẹnu, Ẹ̀gbọ́n Tulbo ti kúnlẹ̀ tì mí.

"Kábíyèsí, èmi ni. Ìsàlẹ̀ etí odò nìkan ni mo yẹ̀ wò, n ò dé òkè. Àbúrò ìyàwó mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Àwọn ìjòyè dè wá lọ́wọ́ títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń ṣọ́ wa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Jẹun báyìí, ẹlẹ́kùn. Bí wọ́n bá bẹ́ orí ẹ tán, ibo lo máa gbà jẹ ẹ́?"

Nígbà tí ìdájọ́ dé, èmi àti Uksun gba ìdáríjì. Ní ti ọkọ yín, ìjòyè kan yọ ìyẹ́ ọ̀kín tó jẹ́ àmì oyè lára fìlà wọn, ó ní kí wọ́n lọ máa ṣọ́ agbo ẹṣin ọba ní Ili, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn, títí Kábíyèsí yóò fi rántí wọn. Èmi ni wọ́n fi sí ipò wọn. Ìyẹ́ náà gan-an ló wà lórí fìlà mi báyìí. Nígbà tó wọ́, ọkọ yín ló bá mi tún un ṣe. Wọ́n ní, "Gbé orí ẹ dúró. Kí o sì máa yẹ òkè náà wò."

Kí Ọ̀run má ṣe jẹ́ kí ilé yín ṣófo. Kó dá wọn padà fún yín láàyè, kó sì fún yín lókun títí dìgbà náà.

Èmi àbúrò yín tí ẹ gbé pọ̀n,
Nayan.

Mo gbàgbé: ọ̀nà Zhangjiakou ni ọkọ yín máa gbà kọjá lọ sí Ili. Ẹni tó ń sìn wọ́n lọ ò ní jẹ́ kí wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn ẹṣin mumi ní kànga iwájú ilé yín. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Ẹ mú ẹ̀wù onírun àgùntàn ọkọ yín dání.