Igi Aláràbarà Ojú Fèrèsé Bàbá

                                        Ilé Kẹrin,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dà wọ́n láàmú ti fúyẹ́? Ara tiwa le, àfi ọ̀rọ̀ igi òdòdó kan tí kò jẹ́ kí n gbádùn.

Ẹ rántí èyí tí mo gbìn sí ojú fèrèsé Bàbá wa, tí ewé rẹ̀ ní funfun létí? Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ìgbà tí Màmá ti ṣaláìsí, Bàbá kì í jáde nínú yàrá. Nígbà tí òjò dá, gbogbo ewé igi náà wọ́ dànù. Mo ní bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn, kò kú. Bàbá wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wò ó.

Ẹ̀gbọ́n, ó rúwé! Ẹ̀ka kan tilẹ̀ yọ tí ewé rẹ̀ tutù minimini, tí kò ní funfun rárá. Ni Bàbá bá wọ bàtà, wọ́n jáde síta, wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ wá wò ó, àrùn rẹ̀ ti ń san o!" Wọ́n rò pé àrùn ni funfun etí ewé náà. Láti ìgbà náà, àwọn ló ń bomi rin ín láràárọ̀, tí wọ́n sì ń já ewé aláràbarà dànù kó má baà ran èyí tó gbádùn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó tà á fún mi ti kìlọ̀ pé kí n tètè gé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń gba oúnjẹ mọ́ àwọn yòókù lẹ́nu. Kí ló ń mú kí igi náà yọ irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀? Ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò, n kò rí ìdí rẹ̀. Mo mú sísọ́ọ̀sì, Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi. "Èyí tára rẹ̀ le lo fẹ́ gé?" Bí mo bá gé e, ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á padà sínú yàrá. N kò gé e. Mo yọ́ ẹ̀ka aláràbarà kan já, mo rì í sínú agolo nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Ó hù! Lánàá, Bàbá wá tún bọ́tìnnì ṣe, wọ́n sì rí i. Wọ́n tẹjú mọ́ ewé funfun náà títí, mo ti ń wá irọ́ tí n ó pa.

"Gbé e síta kí oòrùn rí i," ni wọ́n wí. "A kì í ti aláìsàn mọ́ yàrá."

Mo gbé e síta, Ẹ̀gbọ́n. Mo sunkún díẹ̀.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ dáadáa.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí kì í yé béèrè,
                                        Atọ́pinpin.