Kòtò Àjàrà Bàbá Mi

Jímọ̀, 2 Oṣù Kẹjọ

Bàbá pè láti òkè, láti oko àjàrà wọn. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ òkun ti dáwọ́ dúró, ooru aginjù àti eruku ẹ̀ ń bọ̀, kí n wá bá wọn ká àjàrà lọ́la kó tó jóná. Mo ní mọ́tò tí mo fi ń gbé àlejò káàkiri erékùṣù kún títí di Ọjọ́rú. Pé fóònù mi ò sọ nǹkan kan nípa eruku.

"Erékùṣù yìí ni wọ́n bí fóònù ẹ sí ni, Nauzet?" Wọ́n gé ìpè.

Àbámẹ́ta, 3

Ojú ọ̀run mọ́ roro. Mo fi Bàbá rẹ́rìn-ín — èmi ọlọ́gbọ́n.

Àìkú, 4

Ó dé. Ọ̀run pọ́n bí amọ̀. Eruku bo òkè iná tí àlejò tìtorí ẹ̀ wá. Kí inú wọn má baà bàjẹ́, mo sọ ti bàbá mi: arúgbó tó fi àádọ́ta ọdún gbẹ́ kòtò sínú eérú dúdú tí òkè iná tú jáde, igi àjàrà kan nínú kòtò kan, ògiri òkúta yí i ká nítorí afẹ́fẹ́ — wáìnì ò sì kún àgbá kan rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an.

Mo pe Bàbá lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò gbé e.

Ajé, 5

Mo já àlejò sí hòtẹ́ẹ̀lì, mo gòkè. Benigna, aládùúgbò Bàbá, ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ń gbé omi lọ fún wọn.

"Ẹ wo dírẹ́bà! Àwọn àlejò ẹ dà? Wọn ò wá ya fọ́tò bàbá ẹ ni?"

Mo kọjá lọ bá Bàbá.

Bàbá jókòó sínú kòtò kan, ẹ̀yìn lára ògiri, agbọ̀n méjì tó kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ń mí gúlegúle, àyà wọn ń dún. Èso tó kù ti gbẹ lórí igi.

"O ti dé." Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8

Dókítà ní eruku ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Wọn ò gbọdọ̀ gbé lókè mọ́. Afẹ́fẹ́ òkun padà lónìí, tútù nini, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Àìkú, 18

Ọ̀dọ̀ mi ni Bàbá wà báyìí, létíkun. Bí a ṣe ń jẹun, wọ́n ní àwọn ti fi gbogbo kòtò náà fún Benigna. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, èmi náà fẹ́ kòtò yẹn."

Wọn ò gbójú sókè. "Láti ìgbà wo?"

Ajé, 19

Mo gòkè lọ bá Benigna. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n máa wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi mi. Ó ní:

"Aago mẹ́fà àárọ̀. Tóo bá pẹ́, padà sílé."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé gan-an." Mò ń dúpẹ́ pé wọ́n gbà mí síṣẹ́ nínú oko bàbá mi.