Ẹ̀bẹ̀ Pé Kí Ẹ Má Lé Alájà Sẹ̀ríyà Kúrò Nínú Ilé Mi Mọ́

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìlàjà Onílé àti Ayálégbé,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFAGILÉ ÀṢẸ LÓRÍ ILÉ MI NÍ ODÒ-ORÒ, ÈYÍ TÍ ÈMI FÚNRA MI BÈÈRÈ FÚN

1. Èmi ni mo kọ̀wé sí yín nínú oṣù Kẹfà pé kí ẹ bá mi lé Alájà Sẹ̀ríyà kúrò nínú ilé mi ní Odò-Orò. Ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi, ẹ sì pàṣẹ pé kí ìyá náà kó jáde kí oṣù yìí tó parí. Mo dúpẹ́. Mo tún ń kọ̀wé báyìí láti bẹ̀ yín pé kí ẹ fagi lé àṣẹ náà kíákíá. Mo mọ̀ pé yóò yà yín lẹ́nu, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

2. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní ìṣirò. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi dé, ìyàwó mi, Níkẹ́, ní kí a fi sin adìyẹ. Mo ní rárá, ilé kì í jẹun, kì í sì í kú lójijì. Mo ti gbọ́ lórí rédíò pé ẹni tó bá fẹ́ sinmi lọ́jọ́ ogbó, kí ó ra ilé kan, kí ó fi háyà, kí ó má sì tà á láé.

3. Ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Kàmálù, ọmọ Odò-Orò tó ń gbé ní Ìbàdàn, ni mo ti ra ilé oníyàrá mẹ́rin náà. N kò fi ojú fo ohunkóhun. Mo gun òrùlé. Mo fi okùn wọn kànga. Mo gbé ìwé ilẹ̀ lọ fún lọ́yà. Yàrá ẹ̀yìn nìkan ni a bá ní títì pa. Kàmálù ní ẹrù àtijọ́ ló wà níbẹ̀, pé òun yóò kó o láìpẹ́. Kò sọ fún mi pé ẹrù náà lọ sí Èkó láti tọ́jú ọmọ tuntun ni.

4. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo sanwó tán, mo ń kun ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ìyá kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú báàgì méjì. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n ṣí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n se iṣu, wọ́n bu tèmi wá, wọ́n ní kí n má gbàgbé ilé ìdáná bí mo bá kun iwájú tán. Alájà Sẹ̀ríyà nìyẹn, àbúrò ìyá Kàmálù, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mo mú ìwé jáde láti fi hàn pé èmi ni mo ra ilé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwájú lẹ́yìn, wọ́n dá a padà, wọ́n ní, "Kàmálù lè ta ulé. Kò lè ta èmi." Mo pe Kàmálù lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé Èkó máa wù wọ́n ni."

5. Láti ọjọ́ náà, Alájà ló ń yan ayálégbé. Níyì ló kọ́kọ́ wá, òṣìṣẹ́ báńkì, ó wọ táì, ó mú ìwé ẹ̀rí dání. Alájà bi í ní ìgbà tó rí ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ronú títí. Alájà ní kí ó lọ kí ìyá rẹ̀ ná kí ó tó wá gba yàrá. Ó lọ, kò padà mọ́. Lẹ́yìn náà mo dé ilé lọ́jọ́ kan, mo bá aṣọ lórí okùn: Alájà ti fún Fàrídà aránṣọ ní yàrá kan, wọ́n sì ti fún Ayọ̀bámi ọlọ́kadà ní èkejì. Owó ilé ń wọlé déédéé o. Ẹ̀dùn mi wà níbòmíràn.

6. Ẹ̀yin Ọ̀gá, àwọn ayálégbé mi rò pé bíríkìlà ni mí. Bí nǹkan bá bàjẹ́, Alájà ni àwọn méjèèjì ń sọ fún. Alájà a ránṣẹ́ pè mí, èmi a sì wá tún un ṣe. Ayọ̀bámi tilẹ̀ bá mi wá iṣẹ́ ògiri ní Ìsàn. Ó sọ fún wọn níbẹ̀ pé bàbá kan wà tí kì í mutí, tí kì í sì í jí sìmẹ́ǹtì. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ rí mi níbi tí mo ti ń po yanrìn. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ra búrẹ́dì fún mi. Búrẹ́dì yẹn ló mú mi kọ ìwé àkọ́kọ́ sí yín.

7. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, àìsàn dá Alájà dùbúlẹ̀, a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìdó. Mo jẹ́wọ́ pé inú mi kọ́kọ́ dùn díẹ̀. Mo pe Fàrídà àti Ayọ̀bámi, mo sọ pé èmi gan-an ni onílé, mo sì ka òfin mẹ́rìnlá tí mo ti kọ sílẹ̀ fún wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìjà bẹ́. Fàrídà ní ariwo ọ̀kadà ń jí òun ní ìdájí; Ayọ̀bámi ní ẹ̀rọ ìránṣọ kì í jẹ́ kí òun sùn rárá. Mo ka òfin kẹsàn-án. Àwọn méjèèjì ní àwọn yóò kó jáde.

8. A jọ wọ takisí lọ sí Ìdó, àwa mẹ́ta, láti kó ẹjọ́ náà lọ bá Alájà. Alájà ti rù. Wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, wọ́n ní, "Fàrídà, bí a bá ti kírun alẹ́ tán, pa ẹ̀rọ rẹ. Ayọ̀bámi, ti ọ̀kadà rẹ dé ojú títì kí o tó tan án." Ìjà parí. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Tíṣà, ṣé o ti jẹun lónìí?" Mo ti ní ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n mo dáhùn bí ọmọdé pé n kò tí ì jẹun. Ìyá mi kú ní ọdún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ tó sì dúró gbọ́ èsì. Ìyàwó mi ní kí n yọ gbólóhùn yìí kúrò. N kò yọ ọ́.

9. Alájà ti padà sílé báyìí. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé ni ìwé àṣẹ yín dé. Wọn kò mọ̀ọ́kà, nítorí náà wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Mo kà á. Mo fo ibi tí orúkọ mi wà. Wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú, pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ àwọn ni. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń di ẹrù díẹ̀díẹ̀. Ní àná, n kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ jẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀, pé ohùn mi ló tú mi fó lọ́jọ́ tí mo ń kà á. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ kọ òmíràn.

10. Òmíràn náà nìyí. Mo bẹ̀ yín, ẹ fagi lé àṣẹ náà, kí ẹ sì kọ orúkọ Alájà Sẹ̀ríyà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ilé náà, kí wọ́n máa gbé inú yàrá wọn lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọjọ́ ayé wọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ rán ẹnikẹ́ni wá yẹ ilé wò, ẹ jọ̀wọ́, kí ó kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ Alájà. Èmi kò láṣẹ láti gba àlejò níbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ni tiyín tìtìjú-tìtìjú,

Ọbáfẹ́mi Ọ̀ṣúntúyì,
Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì,
Onílé nínú ìwé.