Àyè Tí Mo Ní A Ò Nílò Lórí Wéébìlì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Zaria, 2006

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ yìí: n kò lóye ohun tí Rakiya, ọmọbìnrin onímọ̀ kọ̀ǹpútà, bi mí lọ́jọ́ tó ń fi ètò tuntun tí a ó fi máa kọ wéébìlì, ìwé tó ń bá ẹrù rìn, sínú kọ̀ǹpútà sítọ́ọ̀ ẹ̀pà wa. Ó ní, "Baba, ṣé àyè kan wà tí ẹ fẹ́ kí n fi kún wéébìlì?" Ojú tì mí níwájú àwọn akọ̀wé. Mo ní kò sí.

Irọ́! Ogún ọdún ni mo fi ń kọ "ó tutù" sí etí wéébìlì oníwèé bí òjò bá pa ẹ̀pà lọ́nà, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lè kọ́kọ́ sá a sóòrùn. Kọ̀ǹpútà kò létí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Danjuma awakọ̀ sọ fún mi pé tapólì tó fi bo ẹrù ya, òjò wọlé. N kò ríbi kọ ọ́ sí. Wọ́n to àpò ẹ̀pà tó tutù náà mọ́ èyí tó gbẹ, gbogbo rẹ̀ bu.

Lónìí mánijà lé Danjuma lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ó fi ọ̀rọ̀ òjò pamọ́. Danjuma kọjú sí mi: "Haba, Baba Ṣọlá! Ṣebí mo sọ fún yín?"

Bàtà mi ni mò ń wò.

Inú ń bí mi sí mánijà, ó ń bí mi sí ètò yẹn, àmọ́ ta ni mò ń tàn? Ẹran ìsọmọlórúkọ tí Danjuma fún wa ṣì wà nínú ìkòkò.

Lọ́la, kí mánijà tó jókòó, màá sọ fún un pé èmi ni Danjuma sọ fún. Lẹ́yìn náà, níwájú àwọn akọ̀wé yẹn gan-an, màá ní kí Rakiya fi àyè "ó tutù" kún wéébìlì.