Ọwọ́ Brodie Nínú Fíìmù Wa

Ballarat,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Keje.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí orúnkún yín. Mo gbà á ládùúrà pé ó ti fúyẹ́. Wren ọmọ mi ti hu eyín méjì. Màmá, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù. Brodie àbúrò mi ò kú o.

Ẹ mọ fíìmù tí Lachlan ọkọ mi ń ṣe nínú ilé páànù ẹ̀yìnkùlé wa, ti ọkùnrin tí ẹnu hù sí látẹ́lẹwọ́. Brodie ni ọkùnrin náà. Èmi ni mo ń fi ṣúgà àti àwọ̀ pupa se ẹ̀jẹ̀, nínú ìkòkò oúnjẹ ọmọ.

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n fẹ́ fi ayùn oníná gé ọwọ́ rọ́bà tí wọ́n wọ̀ lé tirẹ̀, pákó wà láàárín méjèèjì. "Ó tó! Ẹ dá a dúró!" ni wọ́n kọ fún un pé kó máa ké. Lachlan sì ti kìlọ̀ pé bó ti wù kó ké tó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró àfi tóun bá sọ ọ́. Pákó náà yẹ̀. Brodie ké, "Ó tó!" Gaz tó di ayùn mú bú sẹ́rìn-ín: "Wo òṣèré! Ké dáadáa jàre, àwọn ará Melbourne fẹ́ gbọ́!" Ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ fọ́n sójú kámẹ́rà, ó fọ́n sórí Wren láyà mi.

Òtútù ti mú ẹ̀jẹ̀ tí mo sè dì nínú korobá. Èyí tó ń dà yìí ń rú èéfín bíi tíì. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Mo fẹsẹ̀ já wáyà iná. Eegun funfun ni mo rí, ìka méjì wà nílẹ̀. Lachlan ṣì ń pàtẹ́wọ́.

Àwọn dókítà ò rí ìka náà lẹ̀ mọ́.

Lọ́dọọdún ni àwọn tó fẹ́ràn irú fíìmù yìí máa ń kún ilé sinimá kan ní Melbourne, tí wọ́n ń hó sí ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi tiwa hàn. Lachlan fẹ́ dáná sun fíìmù náà, ojú ń tì í. Brodie ló yarí lórí bẹ́ẹ̀dì: "Tam, má dà mí láàmú. Ìka ti lọ. Ṣé kó lọ lásán ni? Jẹ́ kí wọ́n hó fún mi!"

N kò lè jókòó kí irinwó èèyàn máa yọ̀ sí igbe àbúrò mi. N kò sì lè gba ohun tó fìka rà lọ́wọ́ rẹ̀. Káàdì kámẹ́rà tí fíìmù náà wà lórí rẹ̀ ló wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ̀yin lẹ bí i. Tẹ́ ẹ bá dá a padà, wọn á fi hàn. Tẹ́ ẹ bá jù ú sódò Murray, n ó ní ó sọnù lọ́nà.

Kí Ọlọ́run tù yín nínú, kó má jẹ́ kí irú lẹ́tà yìí tún wọlé yín.

Èmi ọmọ yín, tí àyà rẹ̀ ò tíì balẹ̀,
Tamsin.

Àfikún: Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ pa ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn "Ó tó" kẹta, kò sọ ohun tí wọ́n kọ fún un mọ́. Ẹ̀yin ló ń pè.