Ọwọ́ Awakọ̀ Lórí Ọ̀pá Ìtọ́kọ̀

Ẹgbẹ́dá,
Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá, 1963.

Jìmí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, kí òjò Èkó má kó òtútù bá yín. Àlàáfíà ni èmi àti ìyá rẹ wà, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kò jẹ́ kí n pẹ́ lórí ìkíni.

O kọ̀wé pé ọ̀gá rẹ òyìnbó ní kí o yan ohun tí wọn yóò fi máa darí ọkọ̀ ìgbòkun kékeré rẹ̀, yálà ọ̀pá ìtọ́kọ̀ tí a ń fọwọ́ tì lẹ́yìn ọkọ̀ tàbí sítíárì bíi ti mọ́tò, nítorí ìwọ ni yóò máa gbé àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sórí ọ̀sà. Èmi ni mo ní kí o yan ọ̀pá. Mo ṣírò rẹ̀: igi ìrókò kan àti bọ́ọ̀tì méjì kò tó ṣílè mẹ́wàá, sítíárì àti wáyà rẹ̀ yóò jẹ póńùn mọ́kànlá. Mo tilẹ̀ fọwọ́ ara mi gbẹ́ ọ̀pá náà, mo fi rán dírẹ́bà lọ́rì kan sí ọ.

O ní òdìkejì ni ọ̀pá ń ṣe: bí o bá tì í sọ́tùn-ún, òsì ni ọkọ̀ ń yà sí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ohun tí ènìyàn lè kọ́ ní ọ̀sán kan ni. Síbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi, torí mi ò wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kan ìtọ́kọ̀, pátákó inú omi tó ń yí ọkọ̀, àti ọ̀pá bíi tìrẹ mọ́ ìdí ọkọ̀ apẹja kan ní odò Ọ̀ṣun lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Apẹja ń fi àjẹ̀ wà á níwájú, Fọlọ́runṣọ́ tí ẹ jọ wa lọ́rì fún ọdún mẹ́fà di ọ̀pá mú lẹ́yìn, èmi jókòó sáàárín.

Ìgbà mẹ́rin ni ọkọ̀ yà bó ṣe yẹ. Fọlọ́runṣọ́ ti ń yangàn, ó ní kí n lọ gba láísẹ́ǹsì omi fún òun. Nígbà karùn-ún, Rùkáyátù tó ń ra ẹja yọ láti ẹ̀yìn koríko nínú ọkọ̀ tirẹ̀, lọ́wọ́ òsì wa, ó sì ti sún mọ́ wa jù. Apẹja pariwo pé ká yà sọ́tùn-ún. Fọlọ́runṣọ́ fi gbogbo agbára ti ọ̀pá sọ́tùn-ún, a sì lọ kọlu obìnrin náà gbàgà. Ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé.

Odò ti kún. Mo ń wo ojú omi, mo ń kà. Mo ti kà dé mọ́kàndínlógún kí apẹja tó rí aṣọ rẹ̀ dì mú, tó fà á jáde. Nígbà tí obìnrin náà bi omi tán, ó ní, “Ó rí mi kedere, ó wá dojú ọkọ̀ kọ mí. Ṣé ẹran ìgbẹ́ ni mo jọ lójú ẹ̀ ni?”

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, Fọlọ́runṣọ́ ní: “Bàbá Jìmí, mo mọ̀ pé òdìkejì ni. Ọwọ́ mi ni kò dúró béèrè lọ́wọ́ mi.”

Irú ọwọ́ yẹn, tí sítíárì lọ́rì ti mọ́ lára, náà ni tìrẹ. Yan sítíárì. Òótọ́ ni pé wáyà lè já. Máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kúrò ní èbúté. Bí ọ̀gá bá bínú pé o yí ọ̀rọ̀ padà, sọ fún un pé bàbá rẹ ló ṣe ìṣirò tí kò pé. O ní Sátidé yìí ni o ó kọ́kọ́ gbé àwọn ọmọ náà jáde. Má gbé wọn jáde.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Omi kò ní gbé ọ, kò sì ní gbé ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ,
Lazarus Àrẹ̀mú.

Mo tún fi kún un: Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ó di ọjọ́ Ajé kí lẹ́tà yìí tó dé Èkó. Mo ka ọjọ́, mo rí i pé Sátidé yóò ti kọjá, mo sì wọ lọ́rì wá sí Èkó. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ọ̀gá rẹ kò jẹ́ kí n wọlé, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí ọ. Mo wà níta. Jáde wá bá mi kí ẹ tó tú okùn ọkọ̀.